Ìparí Eré Tí Mi Ò Padà Lọ Gbọ́

Ẹ má rò pé àròsọ ni mo fẹ́ fi dá yín lára yá. Lóòótọ́, àròsọ ni mo fi ń jẹun. Ọ̀jọ̀gbọ́n eré orí ìtàgé ni mí, èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ tó dùn. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí eléyìí, lọ́sàn-án gangan, nínú gbọ̀ngàn eré yunifásítì wa ní Ìjagun níbí. Mi ò mutí, mi ò sì sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo gbé rédíò onítéèpù lọ sí Odogbolu, sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tó ti ṣe eré alárìnjó rí. Wọ́n ń sọ eré kan fún mi, ti ìyá kan tó lọ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ odò. Ibi tí ìyá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gan-an ni téèpù tán. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Padà wá lọ́la, màá parí ẹ̀ fún ẹ."

Mi ò padà lọ. Òjò rọ̀, ó sì rẹ̀ mí. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti sin Bàbá.

Ni mo bá fúnra mi kọ ìparí rẹ̀: odò dá ọmọ padà, ìyá jó wọlé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ìwé yẹn ló sọ mí di èèyàn. Òun ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, òun ni wọ́n ń tọ́ka sí káàkiri. Irọ́ náà dùn débi pé èmi gan-an gbà á gbọ́.

Lọ́dún yìí tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, eré yẹn náà ni mo ní kí a fi ṣe ìdágbére. Ẹ̀rù ìtàgé kì í bà mí. Mo ti darí eré tí òrùlé ń jò sí wa lórí, tí ẹnikẹ́ni ò dìde.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, ní aago méjì ọ̀sán, à ń fi eré náà dánra wò. Iná ò sí, a ṣí gbogbo fèrèsé, ooru ń mú. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyá dúró létí aṣọ búlúù tí a tẹ́ sílẹ̀ bí odò. Èmi jókòó sí ìlà kẹta.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mi ò kọ́kọ́ wojú wọn. Òórùn áṣáà wọn ni mo fi mọ̀ pé Bàbá Odogbolu ni. Fìlà kan náà ni, bùbá kan náà.

"Báyìí kọ́ ló ṣe parí," wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo bi wọ́n pé, "Báwo ló ṣe parí, sà?"

"Mo dúró dè ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú." Wọn ò bínú o, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. "Padà wá lọ́la."

Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó gbórí sókè, àga ti ṣófo.

Lórí ìtàgé, ọmọbìnrin yẹn ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. "Prof," ó pè mí, "ẹsẹ̀ mi tutù." Omi ń kán láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan aṣọ búlúù náà fúnra mi, ó gbẹ táútáú.

Mo padà lọ sí gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kejì. Mo lọ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹfà rèé tí mò ń lọ jókòó síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, èmi nìkan, tèmi ti ìwé àti bírò. Wọn ò tíì wá. Èmi náà ti wá mọ bí ìdúró ṣe ń rí.

Sátidé ni eré. Mo ti fa ìlà pupa sórí ìparí tèmi. Ibi tí téèpù ti tán ni eré máa dúró sí, èmi fúnra mi ni màá jáde, màá sì sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ ni mo pa. Kí wọ́n gba oyè wọn tí wọ́n bá fẹ́, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ọmọbìnrin yẹn ni mò ń bẹ̀rù fún. Mo ní kó fi ipa náà sílẹ̀, ó kọ̀. Ó máa ki ẹsẹ̀ bọ odò lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ̀ bóyá odò yẹn máa ń dá èèyàn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kó pa yín.