Àrọ̀ Ìyálé

Èmi Àtọ́kẹ́ ni mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ adágún ẹja tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Agbowó, lọ́dún tí mo bí Adéróunmú. Kò sẹ́ni tó bá mi ru agbọ̀n erùpẹ̀ kan. Epìyà nìkan ni mo ń sìn níbẹ̀, àwọn oníbùkà tó ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Láwùmí.

Láwùmí ni ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi lọ́dún 1984. Ará Ṣakí ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ lóko ẹja kan ní Moniya kó tó wọlé wa. Bó bá ń kí mi, orúnkún rẹ̀ á kanlẹ̀ dáadáa. Mo kórìíra ìkúnlẹ̀ yẹn, nítorí kò fún mi láyè láti bá a jà.

Lọ́dún kejì, adágún mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Epìyà ti bímọ títí omi ò gbà wọ́n mọ́, oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán sì ti jẹrà nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, wolé-wolé àdúgbò, fún wa ní oṣù méjì. Bí òórùn náà ò bá lọ, a ó fi erùpẹ̀ dí adágún náà pa.

Mo sunkún. Láwùmí kúnlẹ̀ tì mí.

"Ìyá Adéróunmú, ẹ jẹ́ ká fi ẹja mìíràn kún un. Káàpù máa ń tú ẹrẹ̀, á jẹ oúnjẹ tó rì. Àrọ̀ wẹ́wẹ́ á máa jẹ ọmọ epìyà, kí wọ́n má baà pọ̀ jù."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbà. Ó lọ sí Moniya, ó kó káàpù àti àrọ̀ wá nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ lọ nínú wọn. Kí oṣù kan tó pé, òórùn ti ń lọ. Bàbá Adéróunmú wá dúró létí omi, wọ́n ní, "Láwùmí, o ṣeun o. O yọ wá nínú ìtìjú."

Ọdún mẹ́jọ tí mo fi ń sin ẹja, wọn ò dúró létí omi yẹn rí! Owú jó mi nínú. Adágún mi ni, èmi ni ìyálé. Ẹja ìyàwó ló wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀? Tèmi náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ju tirẹ̀ lọ, bí èmi náà ṣe jù ú lọ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí gbogbo ilé wà ní mọ́ṣáláṣí, mo da àrọ̀ mẹ́fà tí mo rà láàyè lọ́jà sínú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ki bí apá àgbàlagbà. Inú mi dùn bí mo ṣe ń wò wọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òórùn fi padà. Àrọ̀ mi ti gbé káàpù mì, wọ́n ti gbé àrọ̀ wẹ́wẹ́ mì.

Ọjọ́ pé, wolé-wolé dé, ó fọwọ́ dí imú. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

Láwùmí wò mí. Ó ti rí àwọn àrọ̀ yẹn, ó mọ ẹni tó dà wọ́n síbẹ̀. Mo ń retí kó la ẹnu. Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe, sà. Àrọ̀ tí mo dà sí i ti tóbi jù, wọ́n ti jẹ àwọn tó ń tún omi ṣe. Ẹ dákun, ẹ fún wa ní oṣù kan sí i."

Ó fún wa. Bàbá Adéróunmú bú Láwùmí níwájú gbogbo ará ilé, èmi sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Láwùmí ká aṣọ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀. "Ìyá Adéróunmú, ẹ bá mi di etí àwọ̀n mú." Mo dì í mú. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la kó. Ó se ọ̀kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bu orí rẹ̀ sínú abọ́ mi, nítorí pé ìyálé ló ń jẹ orí ẹja nílé wa.

Ó tún lọ sí Moniya. Kí oṣù náà tó pé, omi ti mọ́, wọn ò sì dí adágún mi mọ́. Ṣùgbọ́n orí ẹja yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fa egungun rẹ̀ mu. Kò sí ọbẹ̀ tí mo sè rí tó dùn tó o. Mo jowú ìyẹn náà.