Àwọn Tó Ṣèpàdé Lórí Ọwọ́ Sewanu

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọgbẹ́ kan tó gùn ní ínṣì mẹ́ta wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì obìnrin kan ní Iworo. Obìnrin náà ń jẹ́ Sewanu. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Àgbọn lílà ni iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn ni ó sì fi ń di àgbọn mú.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ọwọ́ ọ̀tún tó mú àdá ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè na nǹkan. Ọwọ́ òsì ni yóò gbé àgbọn tí wọ́n ti bó dání, tí àtàǹpàkò yóò há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀yìn àdá ṣe ń kàn án, títí yóò fi là sí méjì. Bí àtàǹpàkò bá yẹ̀, àgbọn á yẹ̀. Sewanu máa ń là tó ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́ láìwo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sá àgbọn sóòrùn fún àwọn oníṣòwò òróró a máa dúró dè é láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, nítorí Hunsu ọkọ rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, níbi tó ti ń ta ẹja. Hunsu máa ń fi ìkíni ránṣẹ́ sílé déédéé. Ìkíni kì í wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àdá yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú àdá ló bà á dípò ẹ̀yìn. Ó gé e láti àárín àtẹ́lẹwọ́ títí dé ìdí àtàǹpàkò.

Láídé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni Láídé, ó wá lọ́kọ sí Iworo, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń la àgbọn. Ó bu omi tó mọ́ ṣan ọwọ́ náà, ó fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́, ó ní kí Sewanu gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ.

"Má ṣí i wò," ni Láídé wí. "Bó o bá ń ṣí i wò, kò ní dá."

"Mo ti wò ó kó o tó dé. Mo rí nǹkan funfun nínú rẹ̀."

"Funfun báwo?"

"Bí inú àgbọn."

"Sewanu, mi ò fẹ́ àwàdà láàárọ̀ yìí."

"Èmi náà ò fẹ́. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Láídé tẹ ọgbẹ́ náà fún ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi lè lọ pọnmi ní kànga kó sì padà. Nígbà tó gbé aṣọ kúrò, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ẹni pé ẹnì kankan kò tẹ̀ ẹ́ rí. Etí ọgbẹ́ méjèèjì jìnnà síra wọn. Láídé wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ní ìwúlò nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní Iworo lọ́jọ́ náà.

"Ká àtàǹpàkò rẹ."

Sewanu wo àtàǹpàkò náà bí ẹni tó ń wo ti ẹlòmíràn. Kò ká.

"Èyí kì í ṣe ti ilé," ni Láídé wí. "Wọ́n máa rán an ni. Ọkọ̀ ọkọ mi wà létí omi. Dìde, ká máa lọ."

Disipẹ́nsárì ìjọba kan wà létí ọ̀sà, ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀, níbi tí dírẹ́sà, ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́, wà. Láídé mọ ohun tó ń sọ: nǹkan ti gé àbúrò rẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ rí ní Ọ̀jọ́, wọ́n rán an lọ́jọ́ náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn títí di òní. Agogo mẹ́jọ kò tíì lù. Wọn ì bá ti débẹ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù, èmi ì bá sì wá nǹkan mìíràn kọ. Ṣùgbọ́n Sewanu ní ilé, ilé náà sì ní olórí. Nínú agbo ilé yẹn, ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í sọdá omi láìjẹ́ pé olórí ilé rí i, kó sì fọwọ́ sí i.

Olórí ilé náà ni Dosu, ẹ̀gbọ́n Hunsu. Dàà Dosu ni wọ́n ń pè é, nítorí Dàà ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe bàbá tó ń ṣe olórí ẹbí. Lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ń gbé igbá ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà gbọ́.

Wọ́n mú Sewanu jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú aṣọ jáde. Dàà Dosu wò ó, ó ronú, ó sì béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́.

"Àdá náà dà?"

Wọ́n gbé àdá wá. Ó fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ó fi epo pupa pa á lára, ó fi màrìwò wé e, ó ní kí wọ́n lọ tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo nítòsí rẹ̀. N kò tíì rí àdá tó gba ìtọ́jú tó yára tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tó yíjú sí obìnrin náà.

"Irin ti mu ẹ̀jẹ̀ nínú ilé yìí," ni ó wí. "Gu, Ògún tiwa, ló ni irin. Irin mìíràn kò gbọdọ̀ kan ojú ibẹ̀ títí di ọjọ́ keje. Ẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n rán an. Kí ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́?"

"Irin ni, Dàà," ni Láídé dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Àdá náà ti sàn."

"Ìyàwó Ọ̀jọ́, ṣé bí ẹ ṣe ń dá àgbà lóhùn nílé bàbá rẹ nìyẹn?"

"Rárá, Dàà. Nílé bàbá mi, a ò bá ti wà nínú ọkọ̀."

Wọ́n ní kí Láídé bọ́ síta. Ó bọ́ síta, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀ dání. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan orí.

Nínú ilé, ìpàdé ń lọ. Ẹni kan ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Hunsu ní Àjàṣẹ́, nítorí òun ló ni ìyàwó. Ẹlòmíràn ní ọgbẹ́ tí òun fúnra òun ní lọ́dún kan jù èyí lọ, ó sì ká ṣòkòtò sókè láti fi àpá hàn. Gbogbo wọn wo àpá náà fínnífínní. Ní gbogbo àkókò yìí, Sewanu gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n yọ̀ǹda fún un láti sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda.

"Dàà, àtàǹpàkò mi ò ká."

"Ìrora ni," ni Dàà Dosu wí. "Ó máa ká."

"Dàà, kò dùn mí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ṣé o rí i? O ní kò dùn ẹ́. Kí la wá ń dúró ṣe?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Tanyi Dosi. Àbúrò bàbá Dosu àti Hunsu tó jẹ́ obìnrin ni, ohun tí Tanyi túmọ̀ sí náà nìyẹn. Òun ló ń tọ́jú ọgbẹ́ nínú ilé náà. Èèpo àgbọn ni oògùn rẹ̀: ó máa ń jó okùn ara èèpo náà títí yóò fi dúdú, yóò lọ̀ ọ́, yóò fi epo pò ó, yóò sì kì í bọnú ọgbẹ́ títí yóò fi kún. Níbi tí àgbọn ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn, ó rọrùn láti gbà pé àgbọn náà ni yóò wò wọ́n sàn. N kò ní purọ́ mọ́ arúgbó náà. Oògùn rẹ̀ ti wo ọgbẹ́ púpọ̀: ìka tí ọ̀bẹ ṣá díẹ̀, orúnkún tó bó, ẹsẹ̀ tí ìkarahun gé. Gbogbo wọn ni ọgbẹ́ tí ì bá sàn bí wọ́n bá fi omi lásán wẹ̀ ẹ́. Àwọn tí kò sàn kò padà wá jẹ́rìí.

Tanyi Dosi ya ẹnu ọgbẹ́ náà wò, inú rẹ̀ dùn.

"Ó la ẹnu dáadáa," ni ó wí. "Èyí tó la ẹnu ló dára jù. Oògùn á ráyè wọlé."

"Tanyi, Láídé ní torí pé ó la ẹnu ló ṣe yẹ kí wọ́n rán an," ni Sewanu wí.

"Ṣé o fẹ́ kí dírẹ́sà máa rán ẹ bí àwọ̀n ni?"

"Bó bá lè rán mi bí ẹ ṣe ń rán àwọ̀n yín, Tanyi, mo gbà. Àwọ̀n yín ń tọ́jọ́."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì ki oògùn náà bọ inú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá, nítorí kò sí ibi tí yóò gbà jáde mọ́. Ilé dáwọ̀ọ́ ìdùnnú. Ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, Láídé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè ni ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, ọwọ́ náà ti wú dé ìgunpá, ó ń rùn, ara Sewanu sì gbóná débi pé aṣọ kò dúró lára rẹ̀. Dàà Dosu ka ọjọ́, ó ní ó ku mẹ́ta kí ọjọ́ keje tó pé. Sewanu kò bá a jiyàn. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sétí omi, ó wọ ọkọ̀. Láídé bá a níbẹ̀, ó mú àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé agbami, Sewanu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Wọ́n á ní mo ṣàìgbọràn."

"O ṣàìgbọràn lóòótọ́. Ó kàn pẹ́ kó o tó ṣe é."

Dírẹ́sà tó wà ní disipẹ́nsárì ń jẹ́ Nùrúdíìnì. Òun nìkan ni ìjọba rí fún gbogbo abúlé tó wà ní apá ibẹ̀, nítorí náà kò ní sùúrù, kò sì díbọ́n pé òun ní in. Ó tú ọgbẹ́ náà. Ó fi omi gbígbóná tó ní iyọ̀ ṣan án, ó wá ń fi ẹ̀mú kékeré yọ èédú dúdú náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ìgbà wo ló gé yín?"

"Túsìdeè."

"Òní ni Fúráìdé. Ṣé ìlú òyìnbó lẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Iworo ni."

"Iworo." Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Wákàtí méjì."

"Ẹ bá mi rán an, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Ìyá, a kì í rán ìdọ̀tí mọ́ ènìyàn nínú. Bí mo bá dí ẹnu rẹ̀ báyìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ á jẹ ọwọ́ yẹn tán. Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ tó gé yín, kó tó di ọ̀sán, mo máa rí i pé iṣan tó ń fa àtàǹpàkò yín ti já, mo máa kọ̀wé fún yín, ẹ ó máa lọ bá dókítà l'Ékòó kó so ó. Ọwọ́ nìkan ni mo lè gbà là báyìí. Àtàǹpàkò ti lọ."

Lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀, ìjọba ti lẹ ìwé ńlá kan. Ìwé náà sọ irú ọgbẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró nílé: èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́, èyí tó la ẹnu, èyí tó jìn débi pé inú rẹ̀ ń hàn, èyí tí ìka kò ká mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tó dára ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú disipẹ́nsárì ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí àwọn tó ti wá lè mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá. Ní Iworo, ìjọba kò lẹ ohunkóhun ju ìwé owó orí lọ. Láídé tí kò mọ ìwé kà ti wo gbogbo ohun tí ìwé náà ní kí wọ́n wò, kí agogo mẹ́jọ tó lù, pẹ̀lú aṣọ kan àti ìbéèrè kan.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọgbẹ́ náà gbà kí ó tó jiná. Àtàǹpàkò dúró ṣánṣán, kò sì ká mọ́ láéláé. Tanyi Dosi ń fi ọwọ́ náà han àlejò pé òun ló wò ó sàn, pé bí kò bá jẹ́ ti oògùn òun, wọn ì bá ti gé e.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Dàà Dosu ń ṣán koríko lẹ́yìn ilé, àdá sì ṣá a lójúgun. Ínṣì méjì. Kò sí ìpàdé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè àdá. Kí àwọn obìnrin tó gbọ́, ọkọ̀ ti wà láàárín ọ̀sà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti padà dé, wọ́n ti fi òwú rán ojúgun rẹ̀ níbi méje, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ń gba ìkíni. Sewanu gbé omi fún un.

"Ẹ kú ewu, Dàà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán yín?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

"Igi ni wọ́n fi ṣe é?"

Dàà Dosu mu omi náà tán kí ó tó dáhùn.

"Sewanu, èmi ni mo ń bá Gu sọ̀rọ̀ fún ilé yìí. A ti jọ yanjú rẹ̀ nínú ọkọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, Dàà. N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ tẹnu yín kíákíá báyẹn. Ǹ bá ti bẹ̀ yín kí ẹ bá mi bá a sọ ọ́ lóṣù Kẹjọ."

Ẹsẹ̀ Dàà Dosu jiná láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Sewanu kò la àgbọn mọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Àgbọn yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé àdá sílẹ̀ kó tó tún gé ara rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ń sá àgbọn sí, ó ń kó èèpo jọ. Ṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ àgbà, ló ń là á báyìí. Ẹni ọdún mọ́kànlá ni. Ìwé kẹta ló wà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ní orí rẹ̀ pé.

Ìwọ tó jókòó tó ń ka èyí, tó ti ń mi orí nítorí àwọn ará Iworo, ta ló ń dájọ́ ọgbẹ́ nílé tìrẹ? O mọ ẹni náà. Dìde, lọ bá a lónìí, kí nǹkan tó gé ẹnikẹ́ni, kó o sì sọ fún un lójúkojú pé ẹni tí nǹkan bá gé ni yóò sọ bóyá kí ọkọ̀ gbéra. Má ṣe ránṣẹ́. Lọ fúnra rẹ.