Àlejò Tó Ga Tó Igi Ìṣáná

"Má fà á kíá. Jẹ́ kí omi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ná."

Mo dá ọwọ́ dúró. Páálí bísíkíìtì tó wà níwájú mi ti mu omi yó, awọ òkè rẹ̀ sì ń wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Nígbà tí Màmá fi orí júwe fún mi pé ó yá, mo mú etí rẹ̀, mo rọra fà á. Ó dún pẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó sì bó lódindi. Páànù ló kù lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, bíi ti orí ilé tí à ń gbé gan-an, àfi pé ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò ó.

"O ti di káfíńtà nìyẹn," ni Màmá wí.

Màmá kì í ṣe màmá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Ilé wọn ló kọjú sí ilé tí àwọn òbí mi rẹ́ńtì ní Ẹ́gbẹ́dá, ní òpópónà kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìdímù. Ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ilé kéékèèké níbẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ilé, kí àwọn ọ̀gá lè rí bí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣe máa rí kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró. Ohun tó yí padà ni pé kò sí ọ̀gá mọ́, inú wọn sì dùn sí i. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tábìlì gígùn kan máa ń jáde sí fàráńdà wọn, ẹni tó bá wù lè wá jókòó, kó kọ́ ilé tàbí ọkọ̀ tàbí afárá kékeré. Mọ́dẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Bàbá mi ń pè é ní ìfàkókòṣòfò, ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń fi odindi ọ̀sán Sátidé bínú nítorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlú òyìnbó tí kò mọ̀ pé ó wà láyé.

Gọ́ọ̀mù funfun tàwọn káfíńtà ni fàráńdà náà máa ń rùn, òun àti tíì. Tíì kì í ṣe fún mímu nìkan. Òun la fi ń kun páànù kó lè dà bí èyí tó ti dípẹtà. Sáńpépà á máa dún fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ẹ̀ lára igi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa kùn lẹ́yìn ògiri, a ó sì máa gbọ́ àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tó ń pe Ìkòtún láti ojú títì.

Àwa mẹ́rin la máa ń wà níbẹ̀ jù: Màmá, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, télọ̀ kan tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú omi bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń bà á lẹ́rù, àti ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó sọ ọ́ di Ẹnjiníà. Kì í gé páálí. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ máa ń ti ìlú òyìnbó wá nínú àpótí dídán, wọ́n á ti gé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, á kù kó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó ní gíláàsì kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tó máa ń dè mọ́ iwájú orí. Ó lè fi gíláàsì yẹn wo gọ́ọ̀mù ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó mi orí bíi dókítà tí kò fẹ́ já aláìsàn láyà.

Lọ́dún náà, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìkòtún ní ká wá pàtẹ iṣẹ́ wa ní gbọ̀ngán wọn. Màmá gbé pátákó ńlá kan sílẹ̀, wọ́n ní ká kọ́ òpópónà wa sórí rẹ̀, kí olúkúlùkù kọ́ ilé tirẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà: igi ìṣáná kan ni gíga ènìyàn kan. Tí o bá mọ ibi tí nǹkan ga dé lára rẹ, o ti mọ bó ṣe máa ga tó lórí pátákó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ tiwa. Lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀, mo ti ń retí àtẹ́wọ́. Ẹnjiníà tẹ̀ síwájú, ó fa gíláàsì wálẹ̀.

"Màmá, ilé ta nìyí? Ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ti eku. Táǹkì omi rẹ̀, ti gbogbo Alímọ̀ṣọ́."

Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ti gíláàsì rẹ̀ padà sókè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bà mí. Lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà mi kéré, táǹkì tí mo gbé ka orí igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ilé lọ. Ojú mi gbóná. Mo na ọwọ́ kí n gbé ilé náà, kí n lọ jù ú síbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, kí n má sì padà wá síbẹ̀ mọ́.

Màmá ti fi ọwọ́ lé òrùlé rẹ̀. Wọn ò yìn mí, wọn ò sì bá mi wí. Wọ́n ṣí agolo mílíìkì kan, wọ́n mú ọkùnrin kan jáde níbẹ̀. Bébà líle ni wọ́n fi gé e, ó dé fìlà, ó ga tó igi ìṣáná géérégé. Àlejò ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé tó máa dé orí pátákó tí àlejò ò ní kọ́kọ́ wọ̀.

"Mú un wọlé," ni wọ́n wí fún mi. "Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, sọ fún mi."

Mo mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ ni òkè ilẹ̀kùn mi mọ.

"Màmá, àfi kó rákò kó tó lè wọlé."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé inú ń bí i?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kò ní ojú. "Inú ò bí i, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá."

"Ó mà ṣe o. Kí la máa ṣe fún un?"

"Màá gbé ilẹ̀kùn yẹn sókè."

"Ìwọ lo mọ̀," ni Màmá wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn bí ẹni pé àwọn kọ́ ló bi mí ní nǹkan kan.

Télọ̀ tẹ̀ sí etí mi. "Ọkọ̀ ojú omi tí mo kọ́kọ́ kọ́," ó ní, "àlejò yìí wọ̀ ọ́, kò rí ibi tó máa tọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn, ilé ìtọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kọ́, jàre."

Mo jókòó padà. Mo tún ilẹ̀kùn ṣe. Àmọ́ mo kọ̀, mi ò dín táǹkì kù. Èmi ni mo máa ń ru korobá lọ sídìí rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mo sì mọ bó ṣe tóbi tó.

"Bó ṣe rí nìyẹn, Màmá."

Wọ́n wo táǹkì, wọ́n wò mí. "Mo gbọ́," ni wọ́n wí.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọjọ́ méje, Ẹnjiníà gbé ilé tirẹ̀ dé, ó fi aṣọ funfun bò ó. Kó tó ṣí i, ó na ìka sí tèmi.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gidi ń bọ̀ ní gbọ̀ngán yẹn. Tí wọ́n bá rí táǹkì yìí, wọ́n á ní eré ọmọdé là ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró di ọdún tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kúkú gbé tèmi padà sílé."

Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Màmá ni mò ń wò. Òpó iná kan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpópónà, ọwọ́ náà kò sì dúró.

"Ẹnjiníà," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò ga, "ẹni tó bá ń jókòó nídìí tábìlì yìí ló nílé lórí pátákó yìí. Tí ọmọ yìí ò bá lọ, pátákó ò lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká rí tiyín ṣá."

Ó ṣí aṣọ. Ilé náà rẹwà púpọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pupa ni, òdòdó wà lójú fèrèsé rẹ̀, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ihò èéfín sì wà lókè fún iná tí wọ́n ń dá nínú ilé nítorí òtútù. Ní Ẹ́gbẹ́dá. Ilé Ẹnjiníà tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ búńgálò aláwọ̀ eérú tí géètì rẹ̀ kì í pa dé dáadáa.

Màmá ò sọ̀rọ̀ ihò èéfín. Wọ́n ṣí agolo mílíìkì, wọ́n na àlejò sí i.

"Màmá, èmi kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀. Gbogbo ilé ló ń wọ̀."

Ẹnjiníà gbé àlejò sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn náà kò kọjá ìbàdí rẹ̀. Orí rẹ̀ dé ojú fèrèsé òkè, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo àwọn tó ń sùn.

"Ẹnjiníà," ni télọ̀ wí, "ó jọ pé àlejò yìí fẹ́ dé ilé yín bíi fìlà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Màmá wò wá, èmi àti télọ̀, ẹ̀rín sì kú sí wa lẹ́nu. Ojú kan náà tí wọ́n fi wo Ẹnjiníà nígbà tó pe ẹnu ọ̀nà mi ní ti eku ni. Mo ti rò pé láti gbèjà èmi nìkan ni ojú yẹn ṣe wà.

Ẹnjiníà tú gíláàsì kúrò níwájú orí. Láìsí i, ojú rẹ̀ kéré, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n kọ ìwọ̀n sára àpótí náà, mi ò kà á," ó wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. "Màmá, mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi gé nǹkan kan rí. Ó máa ń gbọ̀n."

"Ẹ jókòó náà." Màmá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ọjọ́ méje pọ̀. Ọmọ yìí á fi bí wọ́n ṣe ń bó páálí hàn yín, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn."

Bó ṣe jókòó tì mí nìyẹn. Ó mú páálí gbígbẹ, ó di etí rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á. Mo lè jẹ́ kó fà á ya. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n lóòótọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi omi rin ín ná," ni mo wí. "Kò sí ohun tó ń lé wa."

Bí a ṣe ń dúró kí páálí rẹ̀ mu omi, ó gbé àlejò sábẹ́ táǹkì mi, bóyá kó má baà bọ́ sílẹ̀. Mo wo ọkùnrin kékeré yẹn lábẹ́ nǹkan ńlá yẹn, lórí igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀rù sì bà mí fún un. Mo mú abẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé táǹkì náà kéré. Ẹnjiníà rí mi. Ó bá mi di rúlà mú.

Àwọn ènìyàn gidi tí Ẹnjiníà ń retí kò wá sí gbọ̀ngán. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé ló wá, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti omi tútù lọ́wọ́. Búńgálò tuntun tí Ẹnjiníà fi páálí kọ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, géètì rẹ̀ kò pa dé, gẹ́lẹ́ bíi ti gidi. Ó dúró tì í láti àárọ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọwọ́ òun lòun fi gé e.

Mo ti dàgbà, Màmá sì ti lọ sinmi lọ́run báyìí. Mi ò di ọ̀gá nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, ilé tí mo bá kọ́ ṣì máa ń fì. Ẹnu mi ló mú, ẹ̀fẹ̀ ẹnu yìí ló sì ń bá mi wá oúnjẹ. Àmọ́ tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá síwájú mi, tó wọ́ ṣùgbọ́n tó dáa lójú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ tó dùn jù máa ń dé orí ahọ́n mi, màá sì gbé e mì. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni rere, àwọn tó mọ̀ mí lè jẹ́rìí. Ọwọ́ Ẹnjiníà ni mo máa ń rí lórí páálí, àti tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí méjèèjì tutù fún omi, tí àwa méjèèjì sì ń dúró kí awọ náà bó, láìmọ èwo nínú wa ni ọmọdé.