Akankọ̀ Orí Ìyàngbẹ Ilẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n ń ya àga ìwàásù tuntun sí mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Èrúwà, lọ́dún 1964, ni Zachariah pọn omi garawa mẹ́wàá dà sínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àga náà, tó fi pákó yí i ká bí àpótí. Ìjọ ti jókòó, orin ti parí, ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí bá ń gbé omi kọjá láàárín èrò.

"Zachariah, kí lò ń ṣe yẹn?" Àlùfáà Akínladé ló béèrè.

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Nílẹ̀ Ìlàjẹ tí wọ́n bí mi sí, a kì í gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín láì wò ó bóyá ó ń jò."

Kò jò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí kò sí ihò tí omi lè gbà jáde. Àlùfáà bọ́ bàtà, ó ká aṣọ funfun sókè, ó dúró nínú omi tó mù ún dé ojúgun, ó sì wàásù lórí bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe la Jọ́dánì kọjá. Ìwàásù tó máa ń gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló gbà. Àwọn àgbà ìjọ kan yọ́ lọ bá Zachariah lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kó máa pọn omi náà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Rebecca ìyàwó rẹ̀ ti fi gèlè bojú ní tirẹ̀. Ta ni yóò bá wí? Òun ló mú un wá sílé. Ẹja gbígbẹ ló lọ rà létí òkun tó fi rí Zachariah nídìí ọkọ̀ ńlá kan, ìṣó lẹ́nu, hámà lọ́wọ́. Àárín ọjọ́ kan ló ti gbọ́ gbogbo ìtàn: bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń fi iná àti àáké gbẹ́ ọkọ̀ nínú igi kan ṣoṣo, bí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gbẹ́rù sí i, bí ìran tirẹ̀ ṣe wá ń to egungun igi sínú ọkọ̀ bí ihà ẹja, tí wọ́n ń ta ìgbòkun sí i, tí ó ń kó ẹrù dé Èkó. Lẹ́yìn náà ni títì dé, lọ́rì gba ẹrù lọ́wọ́ omi. Etídò tí ogún ọkùnrin ti ń kan ìṣó wá ku òun àti ewúrẹ́.

"Bí omi bá kọ̀ mí, èmi náà kọ omi," ló wí. Lọ́dún 1962, ó tẹ̀lé Rebecca wá sí Èrúwà.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́. Ilẹ̀kùn tó kàn fún Tíṣà Adétóyìn ṣe déédéé tó bẹ́ẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ fi mú un wú, tí Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ fi ń gba ojú fèrèsé jáde fún ọjọ́ mẹ́rin. Tíṣà gbé ìbínú wá.

"Zachariah, ilẹ̀kùn rẹ kò ṣí!"

"Ǹjẹ́ omi wọlé, sà?"

"Omi kò wọlé, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ rí. Àárín oúnjẹ ni yóò ti dìde lọ wo ojú ọ̀run. Yóò kọjá lára àwọn tó ń kọ ebè, yóò ké sí wọn pé, "Afẹ́fẹ́ ti yí o!" Wọn yóò dá a lóhùn pé, "Iṣu kò mọ̀."

Lọ́dún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Bí ó bá kàn án dé ìdajì, yóò tú u, yóò tún un kàn. Àyà Rebecca ń já. Ó mọ̀ pé odò Ògùn tó wà lọ́nà oko ń ṣàn gba Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ní Èrúwà ti rọ́nà relé. Nígbà tó ku pákó ìrókò kan ṣoṣo kí ọkọ̀ parí, Rebecca gbé e pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ìyá Yẹ́misí, pákó mi dà?"

"Ikán ti jẹ ẹ́."

"Odindi pákó ìrókò?"

"Ikán Èrúwà ni, Bàbá Yẹ́misí. Ẹ ò mọ̀ wọ́n."

Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí, kò sì wá pákó mìíràn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́dún 1973, òjò rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, odò Ògùn kún, ó gbá afárá onígi lọ. Ogún èèyàn há sí abúlé òdìkejì, Ìbílọlá ọmọ àbúrò Rebecca wà níbẹ̀, ó sì ti ń rọbí. Èrò ya wá sílé Zachariah.

"Ọkọ̀ mi ku pákó kan," ló wí.

Rebecca wọlé. Nígbà tó jáde, pákó wà lórí rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. "Bàbá Yẹ́misí, ẹ foríjì mí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà."

"Ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà láti ọdún méjì? Ẹ̀yìn ta ló ń dùn?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Rebecca kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì mú un?"

"Bí mo bá mú un, ọkọ̀ á parí. Bí ọkọ̀ bá parí, mo máa lọ." Ó gba pákó náà lórí rẹ̀. "Ẹ̀yìn dídùn yẹn sàn jù."

Lọ́rì ni wọ́n fi gbé ọkọ̀ dé odò. Zachariah jókòó ti awakọ̀, ó kọjú sí fèrèsé bí ẹni tó jókòó ti ọ̀tá.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wa ọkọ̀ náà lọ, tó wà á bọ̀. Ìbílọlá ló kọ́kọ́ gbé wá, ó sì bímọ kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn gúnlẹ̀, Zachariah tún ti ọkọ̀ padà sáàárín odò, òun nìkan. Ọkọ̀ yí imú sí gúúsù. Rebecca dúró létí omi, kò pè é. Ó pẹ́ kí àjẹ̀ tó tún wọ omi.

"Odò yìí kò tó nǹkan," ló wí nígbà tó gúnlẹ̀. "Kí lo sè?"

Ó kú lọ́dún 1977, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìlàjẹ, wọ́n fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Rebecca bóyá ó sọ ibi tí wọn yóò sin òun sí.

"Ohun tó ń sọ ni pé lọ́la ni òun ń lọ," Rebecca dáhùn. "Àràárọ̀ ló ń sọ ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń lọ lọ́la."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ nu ojú. "Ìyàwó wa," ló wí, "ẹni tó ń lọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò lọ, ilé ló wà. Ẹ jẹ́ ká sin ín síbí."

Rebecca náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.