Orin Obìnrin Tí Wọ́n Lé Sínú Òjò

Òórùn ẹran sísun àti ọtí tó ti dà sí kápẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń rántí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bur Dubai, níbi tí ẹgbẹ́ olórin wa ti máa ń ṣeré lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú. Gìtá ni tèmi. Obìnrin ará Ayalándì kan tó ń ṣe tíṣà ní Muwaileh a máa wọkọ̀ láti Sharjah wá ta fayolíìnì pẹ̀lú wa. Àǹtí ni mo ń pè é. Òun ló kọ́ wa ní orin ijó ilẹ̀ wọn kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní jíìgì, kò sì ní fọwọ́ kan okùn láìkọ́kọ́ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rí orin náà gbà. Ó ní bí àwọn àgbà wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó yé mi kíá. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá nìyẹn?

Ìyá ìyá rẹ̀ ló dá orin náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ó jí ṣíbí fàdákà, wọ́n sì lé e sínú òjò. Ó fẹsẹ̀ rìn délé, ó ń fi ìbínú fẹsẹ̀ janlẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣe ń dún ni orin ń bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn oníbàárà òtẹ́ẹ̀lì a máa fò sókè jó o, wọn ò mọ̀ pé ìbínú ni wọ́n ń jó.

Ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí lọ sin ìyá rẹ̀ nílé ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ọmọ Èkó bíi tèmi, gba máìkì. Ó ní òun fúnra òun ló dá orin tó ń bọ̀ yìí, nínú metro. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi gidi. Obìnrin tí wọ́n pè lólè lórí ṣíbí tí kò jí, olè gidi wá dúró lórí orin rẹ̀, ó ń tẹrí ba. Mi ò ta gìtá.

Ọ̀gá sún mọ́ mi. "Àbúrò, yalla, ó yá. Visa ẹ wà lọ́wọ́ mi o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ júbà ná."

"Ta ló mọ̀ ọ́n ní Dubai?"

Mo gba máìkì, mo sọ ti ìyá àgbà, ti ṣíbí àti ti òjò. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní khalas, iṣẹ́ mi ti tán.

Mo gbé gìtá kọ́ èjìká, mo bọ́ sínú oòrùn, mo kọrí sí yàrá bedspace mi ní Muhaisnah, níbi tí mo ti háyà ibùsùn kan. Mò ń bú ọ̀gá, mò ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọ̀nà ò tíì jìn tí mo fi gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ mi ń sọ: orin náà ni. Títí dòní, inú mi ò tíì rọ̀ sí ọkùnrin yẹn, mi ò sì bẹ inú mi pé kó rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ orin náà í ta.