Irin Tí Akóredé Ń Gbé Dípò Ọmọ

Kò sí iṣan kan lára ènìyàn tí n kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò jókòó ní kíláàsì kankan rí. Ara àpò kòkó ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ara àwọn aláàárù tí ń gbé àpò náà ni mo sì ti kọ́ bí agbára ṣe ń wọ ara àti bí ó ṣe ń jáde níbẹ̀. Nígbà tí mo ń ra kòkó ní Ìkàrẹ́, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń gbé àpò sórí ìwọ̀n, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Àwọn tó fojú rí i ti kú tán, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Akóredé ń wá ẹni tó lè bá a tún apá rẹ̀ ṣe, kò nílò láti rìn jìnnà. Inú ilé mi ló ń gbé.

Yàrá méjì ló gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọjà. Káfíńtà ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, irú ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá kí ọ láàárọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ náà ló ti sọ yẹn. Oyún ìyàwó rẹ̀, Nafisah, ti ń tó bí nígbà tí ọ̀kadà gbé Akóredé ṣubú lójú ọ̀nà Etioro, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán sí méjì. Wọ́n tò ó, wọ́n dì í mọ́ pákó. Ọkùnrin tí kò lè wọ ẹ̀wù fúnra rẹ̀ kò lè tọ́jú aláboyún, ni ìyá Nafisah bá wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀ ní Òkè-Ọ̀kà. Ibẹ̀ ló bí sí. Obìnrin ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hafsoh.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àáfà gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀ kí ó lè pe ìrun sí i létí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú apá náà ni, ó ti gbẹ bí igi gbágùúdá. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ̀n, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ bọ̀ nílẹ̀. Àsàmáù, ìyá Nafisah, ló fò dìde tó fi ìró rẹ̀ gbà á. Mo wà níbẹ̀. Ibi tí obìnrin yẹn jókòó sí jìnnà sí ọmọ náà tó pápá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ ó dé ibẹ̀ kí ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ tó ìka kan.

Àsàmáù gbé ọmọ náà mọ́ àyà, kò sì pariwo rárá.

"Akóredé, n kò bá ọ jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò ní gbé ọmọ yìí mọ́, àfi ìgbà tó bá padà di ọwọ́. Títí dìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni ìyá àtọmọ wà."

Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Akóredé nìkan ló padà sí Ìkàrẹ́, sínú yàrá tó ti kan bẹ́ẹ̀dì ọmọdé sí kí apá rẹ̀ tó kán.

Mo ní àwọn irin tí a fi ń wọn kòkó láyé ìjọ́hun. Wọ́n rí rìbìtì, wọ́n ní ọwọ́ lórí. Bí ẹ bá rí búútà àlùwàlá tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá rọ òjé kún inú rẹ̀, ẹ ti rí irin mi. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, mo fi dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró rí ní kọ́ọ̀nà Ọ̀kà. Bíréèkì rẹ̀ já, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, mo ju irin sábẹ́ táyà, ọkọ̀ náà kò dúró lásán o, ó tún gun òkè padà díẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí irú irin yìí lórí fóònù, wọ́n ń pè é ní kẹ́túbẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń fi í ṣe eré ìmárale, wọ́n rò pé àná ni òyìnbó kó o dé.

Èyí tó kéré jù ni mo gbé síwájú Akóredé. Mo sọ fún un pé ìwọ̀n ọmọ tuntun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di ọwọ́ irin náà mú.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá la máa ń ṣe é, lẹ́yìn ilé. Mo kọ́ ọ kí ó ya ẹsẹ̀, kí ó tẹ̀ láti ìbàdí, kí ó má fi ẹ̀yìn tẹ̀. Kí ó jẹ́ kí irin náà fì lọ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó wá fi ìdí tì í padà síwájú, kí èémí sì jáde bí irin ti ń gòkè. Lẹ́yìn náà, kí ó gbá a mọ́ àyà, kí ó lóṣòó, kí ó dìde. Kò sí ìwé tí mo ti rí èyí kà, inú orí mi ló wà. Ọjọ́ tí irin náà kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwo dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Arigidi, ìlú tó múlé gbè wá.

Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí mo bá jáde láàárọ̀, mo ti máa ń bá a lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìrọ̀lẹ́ kún un. Mo lóye ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ro ẹ̀bà, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀, kò sì ní sí ohun tó kàn mọ́. Á pe Nafisah. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní Òkè-Ọ̀kà. Á ní kí ó gbé fóònù sẹ́nu ọmọ, á máa gbọ́ bí ó ti ń mí, ìlà á sì já. Fóònù á ṣì wà létí rẹ̀. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ lórí àga ní kọ́rídọ̀, tó ń gbọ́ fóònù tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Bí wọ́n bá wọn Hafsoh níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Nafisah sì sọ fún un pé ọmọ ti tẹ̀wọ̀n sí i, ọjọ́ kejì ni Akóredé máa wá gba irin tó tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Otútù òwúrọ̀ kì í jẹ́ kí irin ṣeé fọwọ́ kàn, ó bá mú tówẹ̀lì tó rà sílẹ̀ fún ọmọ, ó fi wé e. Mọ́júbọ́lá tó ń din àkàrà níwájú ilé wa rí i lọ́jọ́ kan bó ti gbé e mọ́ àyà.

"Akóredé, ọmọ ẹ yìí mà dákẹ́ o. Ṣé ó ti mu ọmú?"

"Ó ti yó, ìyá."

Gbogbo àwọn tó tò sídìí àkàrà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé irin náà wọlé, kò sì jáde mọ́ títí tí wọ́n fi ra àkàrà tán.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, ó ń lọ sí Òkè-Ọ̀kà. Àsàmáù á gbé oúnjẹ fún un, kò ní gbé ọmọ fún un. Á jókòó ní òdìkejì Hafsoh, á máa wò ó, ilẹ̀ á ṣú, á padà. Nígbà tí apá náà kún tán, tó le bí ẹsẹ̀ tábìlì, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo bá a lọ. Ọ̀rọ̀ àna, àgbà ló ń sọ ọ́. Mo dúró láàárín ilé, mo sì ṣàlàyé apá náà pẹ̀lú ohùn tí wọ́n gbọ́ dé Ìwárò. Akóredé fa kẹ́ẹ̀gì omi tó kún dẹ́múdẹ́mú láti ìdí kànga, ó nà án síwájú, kò gbọ̀n. Àsàmáù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní apá ti dára, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ń mú ọmọ. Nígbà tí a tún lọ, òjò ló fi ṣe àwáwí. Èyí tó tẹ̀lé e, ó ní òun lálàá kan tí kò yé òun. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ apá náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ bí lọ́yà. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì fi ẹja kún oúnjẹ mi.

Bí a ti fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ náà, Nafisah tẹ̀lé wa dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ó wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Dádì Hafsoh, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ apá yín kọ́ ló wà nílẹ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ìdúró ni màmá fi ń jẹun, nínú ìkòkò, nídìí ààrò. Ọmọ yìí ló jẹ́ kí wọ́n tún máa jókòó jẹun. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi náà fẹ́ lọ sílé mi, n kò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn."

Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti orí ẹja yẹn ni mo ti mọ̀, mo kàn ń dúró kí ọ̀rọ̀ náà jinná ni. Akóredé ni mo ń wò. Mo rò pé á bínú, nítorí gbogbo òwúrọ̀ tó ti fi gbé irin. Kò bínú. Ó pa apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó ní, "Bàbá, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù." N kò bi í bóyá tirẹ̀ ló ń sọ tàbí ti Àsàmáù.

Ó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àsàmáù.

"Màmá, mi ò wá gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn gbé e lé mi lọ́wọ́, kí n mọ bí ó ṣe rí. Tí ẹ bá ní kí n dá a padà, màá dá a padà, màá sì máa lọ sí Ìkàrẹ́."

Àsàmáù ní kí ó dìde jókòó. Ó gbé Hafsoh lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kò kúrò lábẹ́ ọmọ náà. Ọmọ yí orí, ó fa irùngbọ̀n bàbá rẹ̀, ó tún fi ẹsẹ̀ tì í níkùn. Irin kì í ṣe irú èyí. Mo rí òógùn lójú Akóredé, èyí tí n kò rí nídìí irin tó wúwo ju ọmọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Apá náà kò mì. Díẹ̀díẹ̀, Àsàmáù yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà lé itan ara rẹ̀.

"Èjìká òsì ló fẹ́ràn," ó ní. "Tó bá fẹ́ sùn, á máa fi etí nu aṣọ ẹni. Má rò pé ebi ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Nafisah, lọ di ẹrù ẹ."

Akóredé bẹ Àsàmáù kí ó bá wọn lọ, ó ní yàrá kejì wà. Èmi onílé ṣèlérí pé màá kun yàrá náà lọ́dà, màá sì fi fèrèsé tuntun sí i, irú èyí tí kò sí ní gbogbo Àkókó. Ó dá wa lóhùn pé òun ń bọ̀, bí òun bá ti fi gbágùúdá oko yan gàrí tán. Gbogbo wa mọ̀ pé gbágùúdá oko yẹn kì í tán.

Kò sìn wá dé ọ̀nà. Ó ní iná òun ń jó lásán. A ti gbé ẹrù kọjá igun ilé nígbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé ìdáná, níbi tí kò sí ẹlòmíràn, ohùn pẹ̀lẹ́ tí àgbà fi ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń béèrè bóyá kí òun dín iná kù, bóyá èéfín ti pọ̀ jù.

Nafisah fi gèlè bo ojú. Akóredé dúró pẹ̀lú ọmọ léjìká rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó ń dúró dè wá fọn fèrè nísàlẹ̀ òkè, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ.