Bí Ọ̀gá Máàkì Ṣe Ń Díwọ̀n Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọkùnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ sí Ọ̀gá Máàkì fi ka aṣọ ibùsùn ní ilé ìpamọ́. Iṣẹ́ náà bá a mu, nítorí aṣọ ibùsùn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Yóò kà á, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò pa ìwé dé, yóò sì gba ilé lọ. Bí o bá kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ní "Ẹ̀n," ojú rẹ̀ á sì wà lára ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú ìwé náà ni ìkíni ọ̀hún ti wá.

Òun ni àwọn aláṣẹ rán lọ sí kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń mọ òṣìṣẹ́ tó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó yẹ kó lọ ń ṣàìsàn, wọ́n sì wò ó pé iṣẹ́ ta ló lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó lọ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi dé ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó ti di ọ̀mọ̀ràn. Ó fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri, ó sì tẹ fọ́ọ̀mù kan jáde tó ní ogún ìbéèrè. Ìlà kan ṣoṣo ló fà sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tó bá wọ inú ìlà náà gba máàkì kan. Èyí tó bá gùn jù ú lọ, òdo.

Ilé rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó kí àwọn jọ tàkurọ̀sọ, ó sì mú bírò. Aṣọ ni obìnrin náà ń ká lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Mélòó lẹ fún mi nínú ìyẹn?"

Ọ̀gá Máàkì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè. Òdo.

Kò pẹ́ tí àṣẹ fi jáde pé gbogbo àwọn tó ń jókòó sí fèrèsé ìbéèrè, níbi tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ti ń kọ́kọ́ dúró, gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò yìí. Ẹni tí kò bá gba mẹ́tàlá yóò lọ sí ilé ìfọṣọ nísàlẹ̀. Èyí ló ká Ìyá Fèrèsé lára. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà ní ìdí fèrèsé kan náà. Ó ní ikọ́ fée, ooru omi gbígbóná ilé ìfọṣọ kò sì ní jẹ́ kó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Dókítà ti sọ fún un bẹ́ẹ̀, òun náà sì sọ ọ́ fún Ọ̀gá Máàkì. Ọ̀gá Máàkì ní, "Ẹ̀n."

Nígbà tí Ìyá Fèrèsé wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Máàkì lọ́jọ́ ìdánwò, Ìyá Onímọ́ọ̀pù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ jáde fún wọn.

"Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ," ni Ọ̀gá Máàkì wí. "O ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ó da ojú bo fọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kejì fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ máa ń wojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó kà á jáde láì gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹjọ, ó ní, "Bí ẹni tó wá sọ́dọ̀ rẹ bá ń bínú ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ ohun tó bí i nínú, sà. Ẹlòmíràn, ebi ló ń pa á. Màá kọ́kọ́ ní kó jókòó ná, màá bi í pé ta ló gbé wá, nítorí ìgbà míì, kì í ṣe èmi gan-an ló ń bá jà…"

Ìlà ti kún. Òdo. Wọ́n parí ìbéèrè kẹwàá, máàkì mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ìgbà náà ni ariwo wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló wà ní fèrèsé, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Ìyá Fèrèsé sì ń sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹta pé kó mú nọ́ńbà wá.

"Nọ́ńbà wo?" ni bàbá náà ń wí. "Ìyàwó mi ni wọ́n gbé wọlé láàárọ̀. Ìyàwó mi ní nọ́ńbà ni?"

Ìyá Fèrèsé dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n lọ dá bàbá yẹn lóhùn. Mò ń bọ̀."

"Ẹ̀n," ni Ọ̀gá Máàkì wí, ó ń ṣí ojú ewé kejì.

Obìnrin náà jáde. Àga ṣófo.

"Ìbéèrè kọkànlá. Ṣé o máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì?"

Ìyá Onímọ́ọ̀pù wo àga, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àárín orí ọkùnrin náà. Ó mọ ibi tí òdo máa gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

Máàkì kan.

"Ìkejìlá. Kí lo máa ń ṣe tí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ?"

"Mo máa ń tọrọ àforíjì, sà."

Máàkì kan. Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀, ọ̀kan ń nu ilẹ̀, ọ̀kan ń fi bírò máàkì. Ní ìkẹtàdínlógún, ó bèèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Obìnrin náà fún omi mọ́ọ̀pù rẹ̀, ó rò ó díẹ̀.

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni, sà."

Ọ̀gá Máàkì fa ìlà sábẹ́ ìyẹn, nítorí ó dùn mọ́ ọn.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ìyá Fèrèsé ti fún bàbá arúgbó náà ní àga. Ó bi í léèrè irú gèlè tí ìyàwó rẹ̀ wé jáde nílé, ó fi ìyẹn wá a rí, ó sì mú bàbá náà lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tó padà dé, Ọ̀gá Máàkì ń dé bírò.

"Sà, a ò tíì parí."

"A ti parí. O lè máa lọ."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Onímọ́ọ̀pù fi ìgbáròkó gbá a. "Ìwọ obìnrin yìí, gbogbo òdo ayé lo fẹ́ kó jọ tán kí o tó jáde?"

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Nǹkan kan tí mi ò sọ yẹn ló ń fẹ́."

Èsì jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: mẹ́tàlá nínú ogún. Ọ̀gá Máàkì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin náà sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìdajì lọ, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ já gaara, ó sì yẹ kí àwọn yòókù fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ara ta Ìyá Fèrèsé. Ó ní òun máa lọ jẹ́wọ́.

"Lọ sọ fún un," ni Ìyá Onímọ́ọ̀pù wí. "Tó bá gbọ́, pè mí kí n wá wò ó."

Kò lọ. Ó padà sí fèrèsé rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi tirẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń nu ilẹ̀ lọ́jọ́ tiwọn, ti wà nísàlẹ̀ nínú ooru.

Ọ̀gá Máàkì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìwé ìyìn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wá dúró ní fèrèsé bíi gbogbo ènìyàn, ó ń ka káàdì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ló fi dandan lé e pé kí òun wá ṣàyẹ̀wò etí. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Ìyá Fèrèsé kí i, ó béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, ó júwe ọ̀nà fún un. Ọkùnrin náà ń ka káàdì. Ó tún un júwe. Káàdì ló ń kà. Ó wá mú ìwé pélébé kan, ó kọ ọ́ sí i pé: ilẹ̀kùn kẹta, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìlà kan ni. Ó tì í sábẹ́ ojú rẹ̀. Ọ̀gá Máàkì kà á, ó ní, "Ẹ̀n," ó lọ.

Dókítà yẹ etí méjèèjì wò títí. Kò rí ohunkóhun tó ṣe wọ́n.